Ètò Tí A Ń Kà sí Ìyàwó Mi Létí

Ìyàwó mi kò kọ ìlà kan rí nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a kọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo yà sí nínú rẹ̀ tí n kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti kú ni mo ti fẹ́ kọ èyí.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, olùkọ́ yunifásítì ni mí, Igbó-Elérin l'Ékòó, níbi tí iná kì í dúró, la ń gbé. Èmi àti ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Alábà ń kọ ètò tí ó ń jí kọ̀ǹpútà bí a bá tàn án, tí ó sì ń tọ́jú ohun tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀. A kì í tà á. Ẹni tó bá fẹ́ á mú díìsìkì wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan ní Ìyànà Ìbà, á ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí a kọ, á tún ibi tó bá wù ú ṣe, á sì fún ẹlòmíràn.

Kí gbogbo ayé lè kà á, a kò fi èdè ẹ̀rọ pọ́ńbélé kọ ọ́. Èdè tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní la lò, èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn. A sì ní òfin kan: ohun tí a bá kọ láàárín ọ̀sẹ̀, a ó kà á sókè ní pálọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé. Ìyàwó mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Okokomaiko, là ń kà á sí létí. Ibi tí kò bá yé e, a ó tún un kọ.

Ilé-ìwé rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ògbólógbòó mélòó kan tí ètò tuntun kò lè ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ kó wọn dànù. “Bí ètò ọkọ yín bá ṣiṣẹ́ lórí wọn,” ni wọ́n sọ fún ìyàwó mi, “tí iná lọ, tí iṣẹ́ àwọn ọmọ ò sọnù, n ó fi wọ́n sílẹ̀.” Ìyàwó mi fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó jáde ilé-ìwé.

Sátidé kan, ó ń ṣa ìrẹsì, ọ̀gá Alábà ń ka ohun tí a kọ sókè: kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì ti wà, lẹ́yìn náà kó ohun inú rẹ̀ síbẹ̀.

“Ẹ dúró ná, ọ̀gá. Ẹ ti máàkì ọmọ ní rẹ́jístà kó tó wọ kíláàsì?”

“Ó ti ń bọ̀ lọ́nà, ìyàwó wa.”

“Bí iná bá lọ kó tó dé ńkọ́?”

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Prọ́fẹ̀sọ̀, ẹ dá wọn lóhùn.”

“Bí ìwé òyìnbó tí mo kà ṣe ní ká ṣe é nìyẹn,” ni mo wí. “Ẹni tó kọ ọ́ kò gbé Igbó-Elérin.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ ńkọ́?” ni ìyàwó mi bi mí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ká kàn lẹ ibẹ̀ pọ̀. Mo kọ̀. A tú gbogbo apá náà palẹ̀, a tún un kọ kí ohun inú fáìlì kọ́kọ́ dé kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà, títí ìyàwó mi fi mi orí pé ó ti yé òun.

Lọ́jọ́ tí a lọ dán an wò, ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sídìí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, wọ́n tẹ ìlà kan, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, wọ́n sì fa wáyà yọ lára ògiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a tún tàn án, ìlà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ lọ gbé bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ wá sídìí kọ̀ǹpútà,” ni wọ́n wí.

Mo lọ dúró lójú fèrèsé kíláàsì ìyàwó mi. Ó wò mí. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ lọ fọwọ́, kí wọ́n sì tò lọ sídìí kọ̀ǹpútà.