Aṣọ Tuntun fún Bọ́ọ̀sì Adéyínká

Ẹni tó bá mọ Ọmọ́wùnmí Ọláìtán ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2011 yóò sọ fún yín pé obìnrin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Upper Sakponba, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ṣe ń tẹ máṣíìnì ni ẹnu rẹ̀ ń ròyìn. Ìjọ kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ. Àìmọye ìgbà ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ títí tí mo fi gbàgbé ohun tí mo bá wá. Láti Iléṣà ni òun àti Adéyínká ọkọ rẹ̀ ti wá sí Benin ní ọdún 1993, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Gbéminíyì sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn.

Adéyínká ní bọ́ọ̀sì funfun kan tó fi ń kó àwọn ọmọ àdúgbò lọ sílé ìwé láàárọ̀, tó sì fi ń kó wọn padà lọ́sàn-án. Ọmọ mẹ́rìnlá ni. Kì í sáré rárá. Àwọn ọmọ náà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ń ya Daddy Gbémi sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti já gbogbo àwọn ọmọ sílẹ̀, ó ń padà bọ̀ wálé lójú Sapele Road láti wá jẹun, nígbà tí búréèkì lọ́rì kan tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ já. Ilẹ̀kùn apá ọ̀dọ̀ Adéyínká gan-an ni lọ́rì náà kọlù. Wọn kò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi kú.

Panẹ́bítà lo oṣù mẹ́ta lórí bọ́ọ̀sì náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ṣeé wò. Wọn kò rí ilẹ̀kùn mìíràn tó bá a mu, nítorí náà wọ́n na èyí tó wó yẹn títí ó fi lè ṣí, tó sì lè tì, wọ́n wá fi ìpara eléérú dí àwọn ibi tó ya. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí gbé ọkọ̀ náà wálé, kò sí òbí kan tó jẹ́ kí ọmọ òun wọ̀ ọ́. Wọn kò bá a jà o. Wọ́n kàn ń sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé àwọn ti rí ọkọ̀ mìíràn. Comfort, ọmọ Ẹdó tó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ti Ọmọ́wùnmí, ní ọmọ méjì nínú àwọn tí Adéyínká gbé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òun náà, bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ńṣe ló ń gbójú sápá kejì. Àwọn tó fẹ́ rà á wá, wọ́n bi àwọn ará àdúgbò léèrè ìtàn rẹ̀, wọn kò sì padà wá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀sì náà ṣe wà nínú ọgbà lábẹ́ tapólì fún ọdún kan gbáko. Ọmọ́wùnmí náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó ń ránṣọ, ó ń dáhùn ìkíni, ó tán.

Ìparí ọdún 2012 ni Gbéminíyì gba ìsinmi wálé láti yunifásítì. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí èèyàn bá bá a sọ ọ́, Pidgin ló máa fi dáhùn. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, fídíò kan ń lọ lójú rẹ̀.

"Mummy, see this sticker wey dem dey use wrap motor. If we do am, nobody go know say na the same bus."

Ọmọ́wùnmí wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí ó tún gbé e sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wò ó.

"Kí ni wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́?"

"E get gum for back. Na heat dem dey use make am soft."

"Bí aṣọ ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Aṣọ tí kò ní òwú."

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣùbòmí ni wọ́n lọ ní Sapele Road, ẹni tó máa ń lẹ lẹ́tà mọ́ ara ọkọ̀ ilé iṣẹ́. Ó bá wọn wálé, ó ká tapólì, ó yí bọ́ọ̀sì náà po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dé ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Mummy, mi ò ní tàn yín," ó ní. "Lẹ́tà lásán ni mo mọ̀ ọ́n lẹ̀, mi ò wọ gbogbo ara ọkọ̀ láṣọ rí. Ohun kejì ni pé sítíkà kì í bo ibi tó wó. Gbogbo kòtò yìí ló máa hàn. Àwọ̀ nìkan ló máa yí padà."

"Mi ò ní kí ó bo kòtò," ni Ọmọ́wùnmí dá a lóhùn. "Ẹ ṣáà tà á fún mi. Èmi ni màá ṣe é."

Ọkùnrin náà wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ta odidi róòlù kan fún un, aláwọ̀ aró tó ti wọ̀ dáadáa, ó sì kọ́ ọ ní ohun tó mọ̀: kí ó fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, kí eruku má kàn án, àti pé láti àárín ni kí ó ti máa tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí.

Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sì wà níbi gbogbo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọmọ́wùnmí fi ọṣẹ fọ bọ́ọ̀sì náà, lẹ́yìn náà ó fi sípíríìtì nù ún. Ó ta okùn yí i ká, ó fi àwọn aṣọ ibùsùn àtijọ́ kọ́ sórí okùn náà bí ògiri, ó wá wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku lè sùn. Gbéminíyì lọ yá dráyà ọwọ́ Comfort, èyí tí wọ́n fi ń gbẹ irun, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ó sì bàjẹ́. Bí aránṣọ ṣe ń fa aṣọ kí ó lè tẹ́ ni Ọmọ́wùnmí fà á. Ó tẹ́ lóòótọ́, ó ń dán, inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó tutù, ó súnkì padà, gbogbo etí rẹ̀ ṣí, àárín rẹ̀ sì hunjọ bí ìka tó pẹ́ nínú omi. Obìnrin náà ya á kúrò pátá, ó jókòó sórí korobá tó dojú dé.

"Mummy, make we leave am na," ni Gbéminíyì wí.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ gé bébà fún gbogbo ara bọ́ọ̀sì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gé ìwọ̀n aṣọ ìyàwó. Ó fi ìka méjì sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́po. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fà á mọ́. Ó jẹ́ kí sítíkà náà sùn fúnra rẹ̀, Gbéminíyì ń fẹ́ ooru dráyà sí i díẹ̀díẹ̀, òun sì ń fi rúlà tó fi aṣọ òwú wé tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn bá há sí, ó fi abẹ́rẹ́ gún un, ó tẹ̀ ẹ́ pa. Ó kọ̀ láti fi bíléèdì gé e lórí ọkọ̀, ó ní ẹni tó bá gé aṣọ lára ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò gé ẹran mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ tó sọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo bọ́ọ̀sì náà ti di aláwọ̀ aró, àfi ilẹ̀kùn awakọ̀.

Gbéminíyì padà sílé ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì tún ń lọ. Mo yà kí Ọmọ́wùnmí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, mo rí ọkọ̀ náà, ẹnu yà mí. Mo yìn ín gan-an, mo wá bi í pé ṣé sítíkà ló tán kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

"Kò tán," ó ní.

Mo dágbére fún un, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Comfort wá gba dráyà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òun bá Ọmọ́wùnmí níwájú ilẹ̀kùn náà, sítíkà tó ti gé sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan.

"Mama Gbémi, you never do this one?"

"I no fit," ni Ọmọ́wùnmí wí. "To put hand for there. I no fit."

Comfort dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní: "That morning, my Osaretin forget him food for inside bus. Your husband don start to dey go before he see am. He turn back, come down, carry the food go give am for gate. I dey there that time, I go pay school fees. Na my eye see am."

Ọmọ́wùnmí yíjú sí i. "You never tell me."

"Which mouth I for take tell you? If to say my pikin no forget food, Oga for don pass that road before the lorry reach. My own pikin dey alive. Na your own husband die."

Ohun tí Comfort gbé sínú láti ọjọ́ náà nìyẹn. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì náà ló ń bà á lẹ́rù. Ó gbà pé abọ́ oúnjẹ ọmọ òun ló dá ọkùnrin náà dúró de ikú.

Ọmọ́wùnmí bèèrè pé kí ni oúnjẹ náà. Comfort ní ìrẹsì ni, ìrẹsì àti ẹyin.

"He give am with him own hand?"

"With him own hand. He even dey laugh."

Ọmọ́wùnmí na ẹnu sítíkà náà sí i. "Hold that side for me," ó ní.

Àwọn méjèèjì ló wọ ilẹ̀kùn náà láṣọ. Comfort di òkè mú, ó ń fi ọwọ́ kejì fẹ́ ooru dráyà, nítorí òun ló kúkú mọ bí a ṣe ń lò ó jù. Ọmọ́wùnmí kò lo rúlà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́, láti àárín bọ́ sí etí, ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú gbogbo kòtò, ó sì ń mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Comfort ń sunkún. Òun kò sunkún. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ibi tó wó ṣì hàn bí oòrùn bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ṣùbòmí ti wí.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Comfort mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá sẹ́nu ọ̀nà ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Adéyínká ti kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà láti ọjọ́ pípẹ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà. Ó jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó, ó ti ilẹ̀kùn, ó wakọ̀ lọ.

Oṣù kẹta ni Fadékẹ́ dé, ìyá ọlọ́mọ kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sí Benin láti Àkúrẹ́. Ó ń wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé Morọ́láyọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ sílé ìwé. Ó wo bọ́ọ̀sì náà, ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Ọkọ̀ yín mà rẹwà o, Mà. Ṣé tuntun ni?"

Gbéminíyì wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó ń mi orí sí ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìn Fadékẹ́ pé kó má sọ ọ́.

"Kì í ṣe tuntun," ni Ọmọ́wùnmí wí. "Inú rẹ̀ ni ọkọ mi ti ní ìjàǹbá tó pa á. Lọ́rì ló kọlù ú ní Sapele Road, níbi ilẹ̀kùn yìí gan-an. Panẹ́bítà tún un ṣe, mẹkáníìkì sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fún mi lóṣooṣù. Ẹ lọ rò ó wò."

Fadékẹ́ dúpẹ́. Kò wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Inú bí Gbéminíyì débi pé Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu. "Kí la wá ń bò ó sí, Mummy?"

"Mo bò ó nítorí pé ojú ń ro mí tí mo bá ń wò ó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò bò ó láti fi tan ọlọ́mọ jẹ. Bàbá rẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí Fadékẹ́ tó padà. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, òun àti ọkọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ náà dáadáa, bó ṣe wí. "Ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi," ó ní, "ó máa sọ fún mi bí nǹkan kan bá ṣe ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ máa rọra wà á."

"Màá rọra wà á."

Mo kúrò ní Benin ní ọdún 2014. Ọmọ mẹ́sàn-án ni Ọmọ́wùnmí ń kó nígbà náà. Kò tó iye tí ọkọ rẹ̀ ń kó, àwọn òbí kan kò sì padà títí dòní. Oòrùn ti pa àwọ̀ orí bọ́ọ̀sì náà dà, Ọmọ́wùnmí sì ti ya ibẹ̀ kúrò, ó tún un lẹ̀. Tó bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán láàárọ̀, á wá ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á jókòó sídìí máṣíìnì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí mo lọ dágbére fún un, mo bá òun àti Comfort lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì, mo sì jókòó tì wọ́n.