Ọmọ Odó Tí Ìyá Mi Gbẹ́ Lára Igi Kérésì

Ìyá mi gbé odó wá sí Chicago. Odó kékeré ni, ó fi ìró wé e sínú àpótí, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú sì ń yí i síwá sẹ́yìn, wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ odó ni kò bá a wá. Ó gùn ju àpótí lọ, ìyá mi sì ní òun ò lè mú igi lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n má baà rò pé ìjà lòun ń lọ jà.

Kì í ṣe tìtorí iyán ló ṣe wá o. Ó wá bá mi tọ́jú ọmọ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, ó sì ku ọdún kan kí n parí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àdéhùn èmi àti ọkọ mi ni pé ìyá mi á dúró ti ọmọ títí n ó fi gba ìwé-ẹ̀rí. Bí ìyá mi ò bá sí níbẹ̀, kò sí ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láàárín àwọn òyìnbó, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ti ṣe lòun náà á ṣe. Lọ́dún yẹn, ó ra igi Kérésì gidi, tútù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Nígbà tí ọdún parí, ó wọ́ ọ jù sẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn agolo ìdọ̀tí. Ìyá mi bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní ọkọ̀ á wá kó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sídìí àwọn igi tó wà ní páàkì.

"Wọ́n á lọ igi odindi bí ẹní ń lọ àgbàdo?" Ohun tí ìyá mi sọ ò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n agboolé àwọn agbẹ́dó ni wọ́n bí i sí, igi kan ò sì lè dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó má rí ọmọ odó nínú rẹ̀.

Kí n tó dé láti ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti wọ́ igi padà. Ó wọ kóòtù ọkọ mi lé ìró, ó fi gèlè di etí, ó ń fi ọ̀bẹ ìdáná gé ẹ̀ka nínú yìnyín. Ó kó àwọn ẹ̀ka náà bo ìdí òdòdó onílé kí òtútù má baà pa á, onílé sì yọjú ní fèrèsé, ó ń dúpẹ́. Ọkọ mi ò rí ìyẹn. Ó ní àwọn aládùúgbò ń wo ìyá ìyàwó òun níbi tó ti ń ṣa ìdọ̀tí, pé ojú ń ti òun. Mo ní, "Kí ló ń tì yín lójú níbẹ̀? Ṣé ó jí i ni?"

Ìyá mi gbẹ́ ìtì igi náà, ó fi àfọ́kù ìgò ha á títí ó fi ń dán, ó wá gbé e ti hítà kó gbẹ. Ó ń rùn, àmọ́ ó ní igi òyìnbó ni, bóyá bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Orin ló ń kọ bó ti ń ha á. Látìgbà tó ti dé inú òtútù yìí, n kò rí i kínú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ dókítà, àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa láti Naperville. Ìyá mi ní òun á gúnyán fáwọn àna òun. Iyán náà funfun, kò ní kókó kan. Àṣé iṣu gbígbóná ti fa oje igi jáde. Òkèlè àkọ́kọ́ tí ìyàwó dókítà fi sẹ́nu, ó tu ú sínú pépà ìnuwọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ó dà bíi pé òun jẹ ọṣẹ tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Èmi náà tọ́ ọ wò. Ó korò, ó ń rùn bí ọ̀dà. Ìyá mi, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí, ó ń bẹ̀bẹ̀. Dókítà ní kó dìde, pé kò tó nǹkan, ó sì ń jẹ ẹran tirẹ̀ lọ.

Ọkọ mi sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, ó padà wọlé. Ó wá ní, "Màmá, ẹ ti ṣe gudugudu méje, ẹ ti ṣe yààyàà mẹ́fà. Ó yẹ kí ẹ lọ sinmi nílé." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Mo jà, mo sunkún, mo bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ mi kọ etí ikún sí gbogbo wa. A kì í mọ̀wà hù lójú ẹni tí ò fẹ́ni. Ká ní iyán yẹn dùn, yóò rí nǹkan mìíràn sọ.

Bí mo ṣe fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ó ní bọ́mọ bá dàgbà díẹ̀ kí n padà. Ìgbà wo? Ọmọ kejì dé, ẹ̀kẹta dé, èmi ń wẹ àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń pàṣẹ fún mi. Ìyá mi ò tún fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà kó tó kú.

Àkọ́bí mi náà ti bímọ báyìí. Èmi ni mo lọ bá a wẹ ọmọ. Ó bi mí pé kí ló dé tí màmá mi ò fi pẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó ní Daddy sọ fún òun pé òtútù ni kò lè mú mọ́ra.

Mo nu ọmọ gbẹ, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Òtútù kọ́. Bàbá rẹ ló lé e."