Orí Ẹja Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Fà

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi se ẹja nílé ọkọ mi, n kò sì jẹ orí rẹ̀ rí. Ọkọ mi ló ni orí ẹja. Bí kò bá sí nílé, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni ín. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ju obìnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún mi. Mo ń kúnlẹ̀ kí i. "Ọkọ mi" ni mo ń pè é títí di òní. Òun a máa pè mí ní "ìyàwó", bí ẹni ń pe ọmọ tó gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á jẹ orí, wọ́n á jẹ àárín, èmi á mú ìrù.

Kì í sì í ṣe pé n kò mọ ẹja. Etí omi ní Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, apẹja sì ni bàbá mi. Ó kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì bí a ṣe ń ju ìwọ̀, bí a ṣe ń fi ìka mọ ìgbà tí òjé tó ń fa ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀ bá balẹ̀ lábẹ́ omi. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń yan ẹja, mò ń gbọ́. Bàbá mi ní ọmọbìnrin kì í wọ ọkọ̀ òun. N kò bá a jiyàn, mo lọ kàwé. Mo kàwé débi pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní jọ́gíráfì: bí òkun ṣe jìn tó, ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ẹrẹ̀, ibi tó ti jẹ́ àpáta. Ojú pátákó ni mo ti mọ òkun.

Ọkọ mi ti kú báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni mò ń gbé ní Wylie, lẹ́bàá Dallas. Adágún omi kan wà nítòsí wa tí àwọn ọkùnrin máa ń jókòó tì pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja àti àga aláṣọ. Mo máa ń lọ wò wọ́n, inú a sì máa bí mi. Àbúrò ọkọ mi ń gbé ní Allen, kò ju ìdajì wákàtí lọ bí fíríwéè bá dá. Mo ti rò pé gbogbo omi tó wà láàárín wa àti ilé yóò ti fọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ dànù. Kò fọ ohunkóhun. Lọ́dún tó kọjá, ní ọgbà ìpàdé ìjọ wa ní Floyd, a jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú àwọn ìyàwó tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, àwọn dókítà àti àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi rẹ mí sínú omi ọṣẹ kí òórùn ẹja tó kúrò lára mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín, mo sì rántí aṣọ tí kálukú wọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fún ọjọ́ ìbí mi, tó jẹ́ pé mo pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, n kò ronú kí n tó dáhùn. Mo ní mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi fa ẹja kan nínú òkun, kí n sì jẹ orí rẹ̀ kí n tó kú.

"Mọ́mì, orí ẹja wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà."

"N kò ní kí o ra ẹja fún mi."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán etíkun. Ọmọ tó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹnu dákẹ́ ni, kò jọ ìdílé bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti gba ààyè fún wa nínú ọkọ̀ ojú omi kan ní etíkun Oregon, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé àlejò lọ pẹja tó ń gbé láàárín àpáta lábẹ́ òkun. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe: ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún Àǹtí rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní Àǹtí ń dá gbé. Mo ní ẹkùn náà ń dá gbé.

Etíkun yẹn kò jọ tiwa. Tiwa tẹ́jú, ẹrẹ̀ ni, omi rọra ń jẹ ẹ́ wọlé. Níbẹ̀, òkè ńlá ló já sínú omi gbàgà, àpáta dúdú sì yọrí láàárín ìgbì bí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó. Otútù mú wa ní èbúté láàárọ̀ ọjọ́ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru la fi sílẹ̀ ní Dallas. Ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n funfun ń to ọ̀pá ìpẹja sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àbúrò ọkọ mi lọ bá a tààrà, ó kí i dáadáa, ó sì ní kí ọ̀gá rọra wa ọkọ̀ nítorí pé àgbàlagbà la jẹ́.

Ọkùnrin náà fi ìka tọ́ka sókè, síbi tí obìnrin kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ti ń nu gíláàsì níwájú ibi tí wọ́n ti ń tu ọkọ̀. "Ìyàwó mi ni kí ẹ sọ fún," ó ní. "Òun ni ọ̀gá. Èmi, ọmọọṣẹ́ ni mí níbí."

Àbúrò ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sọ?"

"Mo gbọ́, ọkọ mi."

"Ojú kò tilẹ̀ tì í."

"Kò jọ pé ó tì í, ọkọ mi."

Èmi kì í yin ènìyàn lásán, ẹ bi àwọn tí mo kọ́. Ṣùgbọ́n n óò yin obìnrin yẹn. Ọkọ̀ ń gbé wa sókè, ó ń sọ̀ wá kalẹ̀, òun dúró bí ẹni dúró nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níwájú rẹ̀ tó ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi, àmọ́ kò gbára lé e nìkan. Mo rí i tó ń wo etíkun, tó ń wo ilé funfun kan lórí òkè, tó ń rọra sún ọkọ̀ títí ilé náà fi bọ́ sẹ́yìn ṣóńṣó àpáta kan. Ìgbà náà ló gbé ọwọ́ sókè, ọkọ rẹ̀ sì ní ká ju ìwọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá mi ń sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé òun ṣe ń wo igi àgbọn méjì, títí ọ̀kan fi bọ́ sẹ́yìn èkejì, kí òun tó mọ ibi tí ẹja wà. Mo ti rò pé ọgbọ́n yẹn ti bá a wọ ibojì.

Ọ̀gá ti kọ́ gbogbo wa kí a tó kúrò ní èbúté. Ó ní bí òjé bá ti kan ilẹ̀, okùn á dẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ kí a yí kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn lẹ́ẹ̀mejì, kí òjé gbéra. "Ẹ má jẹ́ kó sùn nílẹ̀."

Mo gbọ́, n kò sì ṣe é. Ọmọ apẹja ni mí. Ta ló fẹ́ kọ́ mi? Ohun tí bàbá mi sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òjé sùn, kí wọ́n ní sùúrù, ẹja á wá bá a. Mo jẹ́ kó sùn. Àpáta gbé e mì. A fà á títí okùn fi já. Ọkùnrin onírùngbọ̀n so òmíràn fún mi láìmí kanlẹ̀. Mo tún jẹ́ kó sùn, àpáta tún gbé e. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá mi."

"Kí ló wà nísàlẹ̀ omi níbi tó ti ń pẹja?"

"Ẹrẹ̀."

"Ohun tó sọ tọ̀nà níbẹ̀. Àpáta nìyí. Ẹrẹ̀ a máa dá nǹkan padà fúnni. Àpáta kì í dá a padà."

Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ lé tèmi lórí kẹ̀kẹ́ náà, ó jẹ́ kí n mọ ìgbà tí okùn dẹ̀, a sì jọ yí i lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó padà sókè. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìyàtọ̀ láàárín ẹrẹ̀ àti àpáta.

Ní gbogbo àkókò yìí, àbúrò ọkọ mi ń bì. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ọmọ mi gbá a lẹ́yìn mú, ó fún un ní oògùn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ inú yàrá lọ dùbúlẹ̀. Kò lọ. Bó bá ti bì tán, á fi gèlè nu ẹnu, á tún ju ìwọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ní kó ṣe ló ń ṣe: òjé kanlẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti fa ẹja mẹ́rin, àwọn ẹja gígùn tí eyín kún ẹnu wọn bí ti ajá. Obìnrin tí kò ha ìpẹ́ ẹja rí láyé rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù, "ìwọ ọmọ apẹja, ṣé òkúta lo wá pa?"

Nǹkan ti fa okùn mi.

Kì í ṣe àpáta, àpáta kì í mi orí. Ọwọ́ dùn mí dé èjìká. Ọmọ mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Nígbà tó yọ, gbogbo ọkọ̀ yíjú sí i: ẹja pupa bí epo, ó gùn tó ẹsẹ̀ ọmọdé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Orí rẹ̀ tóbi. Mo ti ń wo orí náà nínú àwo.

Ọ̀gá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó mí. Ó ní a kò lè mú irú ẹja yìí. Òfin ni. Ó ń pẹ́ kó tó dàgbà, ó ní, èyí lè ti wà láyé kí wọ́n tó bí èmi àti òun. Mo ní n kò rí òmíràn pa. Ó ní òun mọ̀. Mo ní arúgbó ni mí. Ó ní arúgbó ni òun náà, àti ẹja náà.

Ikùn ẹja ti wú, ojú rẹ̀ sì ti yọ síta, nítorí ibi jíjìn tí mo ti fà á wá. Ó ní bí a bá kàn jù ú sómi, á léfòó, ẹyẹ á sì pa á. Ó mú irin kan tó dà bí èyí tí a fi ń há aṣọ sórí okùn, tí òjé wúwo wà nídìí rẹ̀, ó fi há ètè ẹja náà, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń ka ìwọ̀n okùn lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fa okùn náà pẹ́kí lẹ́ẹ̀kan. Irin padà wá lófìfo. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wo ibi tí ẹja náà gbà lọ bí ẹni sin àlejò dé ojú ọ̀nà. N kò tíì rí ẹni tó fi irú ìtọ́jú yẹn gba nǹkan lọ́wọ́ mi rí. Àwọn tó gbà á lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Mo ń retí kí àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Ju ìwọ̀ rẹ padà," ó ní. "Wọ́n ti fẹ́ máa lọ."

Mo jù ú. Òjé kanlẹ̀, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọ̀gá ti ń sọ pé kí a ká okùn sókè ni ọ̀kan mú un: ẹja dúdú kékeré, kò ju láti ìgbúnwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́ lọ. Wọ́n ní mo lè mú un. Mo dì í mú sí àyà mi títí a fi gúnlẹ̀, ó ba kóòtù mi jẹ́.

Ní èbúté, ọkùnrin onírùngbọ̀n gba gbogbo ẹja wa láti là wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà yẹ ní wíwò. Ọ̀bẹ lọ, ọ̀bẹ bọ̀, ẹran ara ẹja á ti kúrò lára egungun láìfi èérún kan sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bèèrè ni ibi tí orí ń lọ. Orí àti egungun, inú korobá ló ń jù wọ́n sí, láti inú korobá sínú omi, níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń jà lé wọn. Mo ṣì wà lórí àkàbà ọkọ̀ nígbà tí mo rí i tí orí ẹja kẹrin àbúrò ọkọ mi bọ́ sẹ́nu ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ mú ẹja mi. Mo na ọwọ́ láti ibi tí mo wà, kò tó o.

Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Obìnrin tó ti bì láti àárọ̀ sáré, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọrùn ẹja náà, ọ̀bẹ sì dúró ní ìwọ̀n ìka kan sí i.

"Kì í ṣe èyí," ó sọ fún un. "Orí yìí ni a tìtorí rẹ̀ wá láti Dallas."

Ta ló sọ fún un? Ọmọ mi ń wo òkè, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ilé kékeré kan ni a wọ̀ sí. Mo fi ata, àlùbọ́sà àti ewé ẹfinrin tí mo gbé wá láti Wylie se ọbẹ̀ náà. Nígbà tó jinná, mo bù ú. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ń ṣe é: orí ẹja lọ sínú àwo àbúrò ọkọ mi, ìrù bọ́ sínú tèmi, mo sì ti tẹ orúnkún gbé tirẹ̀ ka iwájú rẹ̀ kí n tó rí ohun tí mo ṣe.

Ó wo àwo náà. "Ta ló fa ẹja yìí?"

"Èmi ni, ọkọ mi."

Ó ti àwo tirẹ̀ sí iwájú mi, ó sì fa tèmi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mo dúró kó sọ nǹkan nípa Floyd. Kò sọ ọ́. N kò sì dúpẹ́. Mo jókòó, mo jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo jẹ ojú, mo fa ọpọlọ rẹ̀ mu, mo lá egungun rẹ̀ títí kò fi sí nǹkan tí èèrà lè bá níbẹ̀. Ọmọ mi kò gbójú sókè.

Àbúrò ọkọ mi ń yọ nǹkan lẹ́nu, ó ń tò wọ́n sétí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Egungun mà pọ̀ nínú ìrù yìí o," ó ní.

"Mo mọ̀," ni mo wí.