Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fò Lára Páálí Oògùn

Nígbà tí ojú bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, èmi nìkan ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé wa ní Erunmu. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ojú ní Ìbàdàn kí oṣù tó parí. Wọ́n ń múra àtilọ ni ọkọ̀ kan tó ń polówó oògùn dúró nítòsí mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi ra ìgò oògùn ojú kan bọ̀, tòun ti páálí rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" wọ́n bi mí.

Mo gbé páálí náà sókè. Ọ̀rọ̀ nípa ewé àti egbò àti ojú tó mọ́ gaara ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-tín, wọ́n ní ó "may" ran ojú lọ́wọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yẹn kì í dá ojú ẹni dúró. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, "ó lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é" ni. Bàbá sì ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín wọn.

"Wọ́n ní ó ń tún ojú ṣe, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Òyìnbó ò ní kọ irọ́ sára páálí."

Wọn ò lọ sí Ìbàdàn mọ́. Láàárọ̀, lálẹ́, wọ́n ń kán an sójú. Ìgbà tí wọ́n wá ń ro àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù pọ̀ mọ́ koríko lóko ni mo tó mú wọn lọ sí Ìbàdàn tipátipá.

Dókítà obìnrin kan níbẹ̀ wo ojú wọn pẹ́ títí. Ó ní èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́. Mo fi páálí náà hàn án. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó kọ eléyìí ò purọ́ o. Ó kàn mọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá ìwòsàn máa ń fojú fò ni."

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, Bàbá bi mí pé, "Ṣé o rí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí i, Bàbá."



Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ro oko náà báyìí. Bàbá máa ń jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa fi ohùn dá àwọn tó ń kí wọn mọ̀. Wọn ò fìgbà kan bá mi wí. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní wọ́n bú mi.