Omi Tí Ìyá Náà Kò Tọ́ Wò

Ẹ lè gbà á gbọ́, ẹ sì lè má gbà á gbọ́. Kò ní dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn tó mọ̀ mí ní Kàbbà lè jẹ́rìí sí i, n kò sì rí ìdí tí màá fi jókòó máa hun irọ́ ní ọjọ́ orí mi yìí. Ojú mi ló rí i. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru.

Ìyàwó mi ti kú. Délé ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kò sì jẹ́ kí ikú yẹn gé okùn àárín wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wá láti Àbújá pẹ̀lú Ṣadé ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti ga. Wọ́n fẹ́ lọ wo ilẹ̀ tí bàbá Délé fi sílẹ̀ lẹ́yìn Òkè-Bùkún, ní ilẹ̀ Bùnú, kí ọmọ tó dé. Ó ní kí n bá àwọn lọ. Inú mi dùn. Ilé mi dákẹ́ jù.

Bí a ti ń jáde ní Kàbbà, mo ní ká dúró ra àpò píọ́ wọ́tà kan. Délé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé Mẹ́kà la fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgò ohun mímu aládùn kan, málítà, wà lọ́wọ́ Ṣadé, ibi tí à ń lọ kò sì jìnnà. A kọjá.

Fóònù Délé ló ń júwe ọ̀nà. Ó fi ọ̀nà àbùjá kan hàn wá, a sì yà síbẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀nà náà di ipa màlúù, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú odò kan tó ti gbẹ. Ibẹ̀ ni iyanrìn ti gbé táyà mì.

A wa iyanrìn, a fi òkúta há táyà. Ńṣe ló túbọ̀ ń rì. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oòrùn yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, kò jọ oòrùn inú ìlú. Iná ti jó gbogbo igbó náà, kò sí ibòji àfi ti ọkọ̀. Ṣadé mu málítà rẹ̀ tán, ńṣe ló dá kún òùngbẹ rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, kò làágùn mọ́. Ètè rẹ̀ funfun. Ó ní inú ń run òun. Délé ń fi fìlà fẹ́ ẹ, kò sì ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé ṣé kí òun rìn lọ wá èèyàn. Mo ní ta ló mọ apá ibi tí èèyàn wà? Mo mọ̀ nínú ara mi pé bí omi kò bá dé, oyún yẹn lè bàjẹ́, ìyá rẹ̀ sì lè bá a lọ. N kò sọ ọ́ síta.

Lẹ́yìn náà, àwọn kòkòrò tó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Okun o."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kíra wa níbí. Mo yíjú. Ìyá àgbàlagbà kan dúró sínú odò gbígbẹ náà. Aṣọ híhun ló ró, irú èyí tí àwọn ìyá Bùnú ń hun nígbà kan. Kèrègbè wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára kèrègbè náà. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo dá a lóhùn, "Okun, Ìyá." Kò wò mí. Ikùn Ṣadé ló ń wò. Ó na kèrègbè náà sí i.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò ni yóò kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá yìí kò tọ́ omi náà wò.

Mo rọra sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ mu díẹ̀ ná."

Ìgbà náà ló wò mí. Ojú rẹ̀ kò burú. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun.

"Ọmọ mi, òùngbẹ kì í gbẹ mí mọ́."

Orí mi wú. Délé kò fura, Àbújá ló dàgbà sí. Ó ti fẹ́ gba kèrègbè náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Bọ̀dá, kí lẹ ń ṣe? Ẹ ò rí ìyàwó mi ni?"

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Bí a bá gba omi náà, n kò mọ ohun tí a gbà. Bí a bá kọ̀ ọ́, mo mọ ẹni tí a óò sin. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà. Mo ti sin ìyàwó mi. Bí olómi kò bá tọ́ omi rẹ̀ wò, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

Mo gba kèrègbè, mo mu.

Ó tutù bí omi inú àmù. Mo dúró díẹ̀. N kò ṣubú. Mo gbé e fún Ṣadé, ó mu ún gbì-gbì-gbì, Délé náà mu, ó dá a padà fún mi. Ojú Ṣadé là.

Mo yíjú láti dúpẹ́. Kò sí ẹnìkankan. Mo wo kèrègbè ọwọ́ mi. Ìdí rẹ̀ ti lu, ihò tó gba àtàǹpàkò. Inú rẹ̀ gbẹ, aláǹtakùn ti takùn síbẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ọkọ̀ àwọn tó ń kó èédú gba ibẹ̀, wọ́n sì fi ṣéènì fà wá jáde. Awakọ̀ wọn, ọkùnrin ará Kìrí kan ní Bùnú níbẹ̀, rí kèrègbè náà nílẹ̀ níbi tí mo gbé e sí, kò fọwọ́ kàn án. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló kọ́kọ́ mu nínú yín?"

"Èmi ni."

Ó mi orí, ó fọwọ́ bà mí léjìká, ó gun ọkọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi béèrè. Ó ní ká máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣadé bí ọmọbìnrin, ó bí i láyọ̀. Bí wọ́n bá wá kí mi, ọmọ náà á máa fa irùngbọ̀n mi. Ara mi le, mo ń lọ sóko, mo ń sùn dáadáa, ọkàn mi sì balẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà: òùngbẹ kò tíì gbẹ mí láti ọjọ́ yẹn. Mo ń mu omi nítorí mo mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn mu omi. N kò tíì sọ fún Délé.

Ẹ̀yin tí ẹ óò gba ọ̀nà Bùnú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra omi. Ẹ rà á ju èyí tí ẹ rò pé ẹ máa mu lọ, kí ẹ má baà pàdé ẹni tí yóò fún yín.