Ohun Tó Wà Lábẹ́ Fìlà Tíṣà

Ìró irin tó ń kan irin ló jí mi lójú oorun ọ̀sán. Mo jáde sí pálọ̀. Ọmọ ọmọ mi ti rí fíìmù àtijọ́ kan lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n: ọkọ̀ ojú omi ńlá, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń fi idà bá odindi agbo sójà jà láìlàágùn. Mo mọ fíìmù náà. Láti kékeré ni mo ti ń dá a lẹ́bi ikú ọ̀rẹ́ mi.

Ìjerò ni mo ti wò ó, ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa, lọ́sàn-án gangan. Wọ́n fi aṣọ ìbora dí gbogbo fèrèsé. Òórùn òógùn àti ti epo jẹnẹrétọ̀ gba ilé kan. Tíṣà wa dúró ti ẹ̀rọ sinimá bí ọdẹ, nítorí ó ti wò ó ṣáájú wa, ó mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà. Bí àwọn sójà ṣe há ọkùnrin náà àti arẹwà kan mọ́ orí àpáta létí òkun, Tíṣà ṣí fìlà, ó fi bo ojú ẹ̀rọ. Òkùnkùn ṣú. A pariwo.

"Ẹ panu mọ́! Ọmọ Ọlọ́run kì í wo eléyìí."

Nígbà tó mú fìlà kúrò, ọkùnrin náà ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bọ́sẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ gbin iṣu lóko wọn lọ́nà Ayétòrò. Bó ṣe dé, ó fà mí lọ sábẹ́ igi ìbẹ́pẹ ilé wọn.

"Báwo ló ṣe bọ́? Kí ló wà lábẹ́ fìlà?"

Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ pé n kò mọ̀. Mo ní ó bẹ́ sínú òkun ni, ó jókòó sísàlẹ̀ omi, ó ń fi ihò inú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ mí títí àwọn sójà fi lọ. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Òpùrọ́!"

"Ojú mi yìí ló rí i."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ síbi kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, tí òjò ti kún. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n kọ́kọ́ rí lójú omi.

Bàbá rẹ̀ gé gbogbo igi ìbẹ́pẹ ọgbà wọn. Títí dòní, ìdílé náà kì í jẹ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní sinimá ló pa ọmọ òun. Ìlú gbè é, èmi náà gbè é, nígbà tó yá mo gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. N kò kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan sílẹ̀ rí láìwádìí rẹ̀, àfi tèmi.

Nínú pálọ̀ mi, a dé orí àpáta. Kò sí fìlà. Ọkùnrin náà fẹnu ko arẹwà náà lẹ́nu, wọ́n di okùn kan mú, wọ́n fò sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kan omi. Mo ní kí ọmọ náà dá a padà sẹ́yìn. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Màmá àgbà, ìfẹnukonu yìí mà wù yín o!"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìjerò. Gbọ̀ngàn ti wó. Igbó ti bo kòtò. Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀, Àǹtí Dúpẹ́, nìkan ló kù nínú ilé wọn, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Kí ló gbé ọ dé ulé wa?"

Ìdúró ni mo wà tí mo fi jẹ́wọ́ tán. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Gbogbo ọjọ́ yìí, sinimá là ń bú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ẹ dárí jì mí."

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́. "Nígbà tó o sọ ọ́ fún un, kí ló ṣe?"

"Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀."

"N kò rántí ẹ̀rín rẹ̀ mọ́." Ó ti àpótí sọ́dọ̀ mi. "Jókòó. Sọ ọ́ fún mi bó o ṣe sọ ọ́ fún un."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, kò sẹ́ni tó ń fi fìlà bo nǹkan kan fún yín mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ yín. Tíṣà ti lọ. Irọ́ mi nìkan ni kò darúgbó, òun àti Bọ́sẹ̀.

Mo jókòó. Mo ní, "Ó bẹ́ sínú òkun…"