Atẹ Ẹ̀wà Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kì í ṣa ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ṣà á láàárọ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á tún jókòó tì í lọ́sàn-án. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà. Wọn ò ní dáhùn. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, ó máa ń bí mi nínú.

Nígbà tí nǹkan oṣù wọn, tó ti dá láti ọdún mẹ́wàá, tún yọjú, àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Kétu ń kí wọn: "Ẹ ti tún di ọmọge!"

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Òjò inú ọyẹ́ kì í mú àgbàdo hù. Ìyàwó, mú mi lọ sílé ìwòsàn."

Ní Kùtọnu, wọ́n yọ kókó kan kúrò nínú ilé ẹyin wọn. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní jẹjẹrẹ tó ṣọ̀wọ́n ni, òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní nínú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, àwọn ohun tíntìntín inú kókó náà dà bí hóró kọfí tó ní ìlà láàárín. Ìyá ní àfi kí àwọn fojú ara àwọn rí i. Wọ́n wò ó títí, wọ́n dákẹ́ bíi pé atẹ ló wà níwájú wọn.

"Kọfí ni lóòótọ́. Ta ló gbìn ín sínú mi?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo rẹ̀ ti kúrò, ṣùgbọ́n ó lè padà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún.

"Ọmọ mi, ìyẹn ò le."

Ọdún kẹfà rèé. Lánàá la ti àyẹ̀wò dé, kò sí nǹkan kan. Ìyá bọ́ bàtà, wọ́n béèrè atẹ.

"Ẹ̀wà tí mo fi sílẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣà á."

Mo jókòó tì wọ́n, èmi náà dákẹ́.